Ẹ Wo Ẹni Tí Ó Gbé Àwo Oúnjẹ Wọlé

Àríyànjiyàn kan wà láàrin wa tí kò tí ì parí, ó sì dà bí ẹni pé kò ní í parí láéláé. Ọ̀rọ̀ sinimá Amẹ́ríkà ti àtijọ́ ni. Bí a bá ti jókòó pọ̀, tí ẹnì kan sì ṣèèṣì dárúkọ "Gone with the Wind" tàbí "Casablanca", ìjà dé nìyẹn. Àwọn kan a ní kí á kó gbogbo rẹ̀ dà sí ààtàn. Wọn a ní kí ni ọmọ adúláwọ̀ ń wá nínú eré tí ó sọ ènìyàn dúdú di ọmọ ọ̀dọ̀ àti ẹni ẹ̀rín láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin? Àwọn mìíràn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbà tí ewú ti bò lórí, a ní sinimá ti kú láti ọjọ́ tí àwọn òṣèré ìgbà èwe wọn ti kú, pé ariwo àti iná lásán ni ti ìsinsìnyí. Èmi kò bá apá kankan lọ nínú méjèèjì. Mo fẹ́ràn àwọn sinimá náà púpọ̀, mo sì ti wo òmíràn nínú wọn tó ìgbà mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí mo fi ń wò wọ́n, òun ni mo sì fẹ́ sọ fún yín.

Ọ̀nà náà kò ṣòro. Nígbà tí àwọn olórí eré bá ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ tàbí ọ̀rọ̀ ìjà, ẹ má jẹ́ kí ojú yín wà lára wọn nìkan. Ẹ wo ẹni tí ó gbé àwo oúnjẹ wọlé. Ẹ wo ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn, ẹni tí ó gba fìlà àlejò, ẹni tí ó ń tẹ dùùrù ní igun ilé. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wo ibi tí ojú rẹ̀ ń lọ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ohunkóhun. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ̀ bóyá ẹni tí ó ṣe eré náà mọ ayé tàbí kò mọ̀ ọ́n. Ó rọrùn láti purọ́ ní àárín àwòrán, níbi tí a ti tan iná sí ojú arẹwà. Ní etí àwòrán, irọ́ a máa fúnra rẹ̀ jáde.

Nígbà tí mo bá sọ pé àtijọ́, láti ìgbà tí sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ títí dé ìparí ọdún 1960 sí 1969 ni mo ní lọ́kàn. Ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ sísọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1927, nínú "The Jazz Singer", eré gígùn àkọ́kọ́ tí a ti gbọ́ ohùn òṣèré bí ó ti ń sọ̀rọ̀ tí ó sì ń kọrin, Al Jolson ni ó kọrin náà, òyìnbó ni, ó sì fi ohun dúdú kun ojú rẹ̀ láti ṣe bí adúláwọ̀. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí ẹnu sinimá ti là ni ojú dúdú ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ènìyàn dúdú lẹ́yìn ojú náà. Nígbà tí ó di 1932, ilé iṣẹ́ MGM gbé Tarzan jáde. Wọ́n ní igbó Áfíríkà ni. Erin ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n lò, wọ́n sì fi etí ńlá àtọwọ́dá kún etí wọn kí wọ́n lè jọ ti ilẹ̀ wa. Erin tí a yá ní etí! Bí wọ́n bá lè ṣe èyí fún erin, ta ni yóò bèèrè irú ahọ́n tí wọ́n fi sí àwọn ará igbó náà lẹ́nu?

Ẹ ó wá bi mí pé, nígbà tí mo mọ gbogbo èyí, kí ni mo ń wá níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n fi eré Charlie Chaplin kan dáhùn. "City Lights" ni orúkọ rẹ̀, ó jáde ní 1931. Aláìnílé kan pàdé ọmọbìnrin afọ́jú tí ń ta òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà. Ọmọbìnrin náà rò pé ọlọ́rọ̀ ni. Ọkùnrin yìí wá owó kiri títí ó fi rí èyí tí a ó fi wo ojú rẹ̀ sàn, ó sì tìtorí owó náà ṣẹ̀wọ̀n. Nígbà tí ó jáde, aṣọ rẹ̀ ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, àwọn ọmọdé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìgboro. Ọmọbìnrin náà ti ríran, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù òdòdó tirẹ̀. Ó rí i láti ojú fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín, ó sì jáde wá kí ó lè fún un ní òdòdó kan àti owó díẹ̀. Bí ó ti ń fi owó náà sí i lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ ọwọ́ náà. Ojú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là kò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ni ó mọ̀ ọ́n. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí sinimá ti ń sọ̀rọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n Chaplin kọ̀, kò jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu òṣèré. Ẹ gbé eré yìí lọ sí abúlé èyíkéyìí nílẹ̀ wa, ẹ kò ní í nílò ògbufọ̀. Ojú l'ọ̀rọ̀ wà, àwọn baba wa ni ó sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ará Hollywood àtijọ́ sì mọ̀ ọ́n ju àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn lọ. Ohun tí mo ń wá nìyẹn.

Ó tún wà nínú "High Noon" ti 1952, níbi tí Gary Cooper ti ń lọ láti ilé dé ilé, láti ilé ọtí dé ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó ń bẹ àwọn ará ìlú kí wọ́n wá bá òun kojú àwọn apànìyàn tí ń bọ̀, tí olúkúlùkù sì ń rí àwáwí tirẹ̀ wí. Katy Jurado, ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò, ni ó ṣe obìnrin tí àwọn ará ìlú náà ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Òun ni ó rí i ṣáájú ẹnikẹ́ni pé ìlú náà yóò kú bí ọkùnrin yẹn bá kú, ó sì ta ohun ìní rẹ̀, ó di ẹrù rẹ̀, ó bá ọkọ̀ ojú irin lọ. Ẹ rí i pé ẹni tí ó wà ní etí ni ó mọ bí ìlú ti rí.

Ó yá, kí a wá sí ibi tí ìjà wà. "Gone with the Wind" jáde ní 1939, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́rin. Èrò mi nípa rẹ̀ ni pé aṣọ àrán ni wọ́n dà bo egbò. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti 1861 sí 1865 ni ó ń sọ, ó sì ń sunkún nítorí àwọn tí ó ní ẹrú, bí ẹni pé oko ẹrú jẹ́ ọgbà òdòdó kan tí ìjì kọlù. N kò lè gba èyí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ dára ju òṣùmàrè lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo Hattie McDaniel, tí ó ṣe Mammy, ẹrúbìnrin tí ó tọ́ Scarlett dàgbà. Lẹ́yìn tí ọmọ Rhett Butler ti ṣubú lórí ẹṣin tí ó sì kú, Mammy àti Melanie ń gun àtẹ̀gùn ilé ńlá náà lọ sókè díẹ̀díẹ̀, Mammy sì ń fi ẹkún ròyìn bí ilé náà ti dàrú. Gbogbo iná Atlanta tí wọ́n fi owó ńlá dá kò tó àtẹ̀gùn yẹn. Baba obìnrin yìí ni a bí sí oko ẹrú, ó sì wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ní apá àwọn tí ó já ìdè ẹrú. Ọmọ jagunjagun yìí ni a wá fi ṣe ẹrú tí ó fẹ́ràn ilé olówó rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, ó sì ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí olówó rẹ̀ fi di kékeré lójú wa.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi eré náà hàn ní Atlanta ní oṣù Kejìlá 1939, òfin ìyàsọ́tọ̀ kò jẹ́ kí àwọn òṣèré dúdú inú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kejì 1940, ó gba ẹ̀bùn Oscar, òun sì ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Tábìlì kékeré kan lẹ́bàá ògiri ni wọ́n fi í sí nínú hòtẹ́ẹ̀lì náà, jìnnà sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó kú ní 1952, itẹ́ òkú tí ó fẹ́ kí a sin òun sí ní Hollywood kò gba òkú ènìyàn dúdú. Ó fi ẹ̀bùn náà sílẹ̀ fún Yunifásítì Howard. Ó sọnù níbẹ̀, ní 2023 ni wọ́n sì fún wọn ní òmíràn dípò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí n ju "Gone with the Wind" dànù, ṣé kí n ju obìnrin yìí dànù pẹ̀lú rẹ̀?

Malcolm X, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ní Yunifásítì Ìbàdàn sọ ní Ọmọ́wálé nígbà tí ó bẹ̀ wọ́n wò ní 1964, sọ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé òun nìkan ni ènìyàn dúdú nínú ilé sinimá ní ọjọ́ tí òun wo eré yìí, àti pé nígbà tí Butterfly McQueen bẹ̀rẹ̀ ìṣe rẹ̀, ó ṣe òun bí ẹni pé kí òun rá wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. McQueen ni ó ṣe Prissy, ọ̀dọ́mọbìnrin ẹrú tí ohùn rẹ̀ tínrín, tí ó ń purọ́, tí a sì ń gbá létí. Ìtìjú Ọmọ́wálé yé mi, nítorí ẹni tí ó dá jókòó láàrin àwọn tí ń fi arábìnrin rẹ̀ rẹ́rìn-ín ni ó mọ bí ó ti rí. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn ènìyàn mi ni èmi ti wò ó, ohun mìíràn ni mo sì rí. Ọmọ fẹ́ bọ́ lára Melanie, ogun ti dé ẹnu ìlú, a rán Prissy lọ pe dókítà. Scarlett ń rìn síwá sẹ́yìn, àyà rẹ̀ ń já. Prissy ń bọ̀ lójú ọ̀nà, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, ó ń kọrin. Ilé sinimá rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí mo rí ẹrú kan tí kò yára nígbà tí ilé olówó rẹ̀ ń jó. Bóyá ẹni tí ó darí eré náà kò ro èyí rárá, ẹ̀rín ni ó ń wá. Kò kàn mí. Ẹsẹ̀ Prissy ni mo ń wò. Iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nínú sinimá sú McQueen nígbẹ̀yìn, ó sì kúrò nídìí rẹ̀. Ní 1975, nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 64, ó gba oyè ìmọ̀ òṣèlú ní City College ní New York.

"Casablanca" ni mo wò jù lọ nínú gbogbo wọn. Ilé iṣẹ́ Warner ni ó ṣe é ní 1942, Michael Curtiz ni ó darí rẹ̀, Humphrey Bogart àti Ingrid Bergman ni olórí eré. Àwọn asásálà ni ó kún inú rẹ̀, tòótọ́ sì ni wọ́n jẹ́ asásálà: Conrad Veidt, tí ó ṣe ọ̀gá sójà Hitler, òun náà sá kúrò ní Jámánì nítorí Hitler, Marcel Dalio àti Madeleine Lebeau sá kúrò ní ilẹ̀ Faransé. Ẹni tí ó bá mọ èyí, nígbà tí wọ́n dìde tí wọ́n ń kọ orin ilẹ̀ Faransé láti bo orin àwọn ará Jámánì mọ́lẹ̀, tí omi ń dà lójú Lebeau, yóò mọ̀ pé omi yẹn kì í ṣe èyí tí a fi àlùbọ́sà wá.

Sam ni ó ń tẹ dùùrù níbẹ̀. Dooley Wilson ni òṣèré náà. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ dáradára: kò mọ dùùrù tẹ̀. Onílù ni, akọrin sì ni. Ẹlòmíràn ni ó ń tẹ dùùrù tí a ń gbọ́, òun sì ń gbé ọwọ́ bí ẹni ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Ilsa kọ́kọ́ wọlé tí ó sì rí i, ó bi ọ̀gá ọlọ́pàá léèrè nípa ọmọkùnrin tí ń tẹ dùùrù. Ọmọkùnrin! Ní 1886 ni a bí Dooley Wilson, ó ti pé ọmọ ọdún 56 nígbà tí wọ́n ń ya eré náà. Ọmọ ọdún 26 ni Bergman. Àwọn òyìnbó tí ó kọ ìwé nípa sinimá yìí kì í sábà dúró níbẹ̀, wọn a kọjá lọ sí orin àti ìfẹ́. Ọmọ Yorùbá ni yóò gbọ́ ọ tí eékún rẹ̀ yóò fẹ́ tẹ̀ láti bá Ilsa tọrọ àforíjì. Ẹni tí ó lè bí i! Wọ́n kò mọ̀ pé àwọn bú àgbà. Àṣà ibẹ̀ ni, gbogbo ọkùnrin dúdú títí dé orí arúgbó ni ọmọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sì yọ́ bọ́ sí ẹnu obìnrin tí eré náà fẹ́ kí a fẹ́ràn.

Síbẹ̀ ẹ má tíì dá ẹjọ́. Nínú eré yìí kan náà, Ferrari, tí ó ní ilé ọtí kejì, fẹ́ ra Sam lọ́wọ́ Rick, Rick sì dá a lóhùn pé òun kì í ra ènìyàn, òun kì í sì í tà á. Ferrari ní ó mà ṣe o, nítorí ènìyàn ni ọjà tí ó tà jù lọ ní Casablanca. Nígbà tí Rick wá ta ilé ọtí náà, ó bá a ṣe àdéhùn pé kí Sam máa gba ìdá 25 nínú 100 èrè. Ferrari sì rí i pé irọ́ ni, pé ìdá 10 ni Sam ń gbà, ṣùgbọ́n ó ní ó tó ẹni tí ń gba 25. Ní 1942, irú ọ̀rọ̀ báyìí nípa òṣìṣẹ́ dúdú kò pọ̀ nínú sinimá. Ohun tí ó dùn mí ni òpin rẹ̀. Sam ni ó bá Rick sá kúrò ní Paris, òun ni ó fà á wọ ọkọ̀ ojú irin ní ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, òun ni ó jókòó tì í ní òru nígbà tí ó ń mutí. Rick dágbére fún Ilsa ní pápá ọkọ̀ òfurufú, ó sì bá ọ̀gá ọlọ́pàá rìn wọ inú kùrukùru lọ. Ta ni ó dágbére fún Sam? A kò rí i. Àti pé ilẹ̀ Áfíríkà ni Mòrókò, ẹ̀yin ènìyàn mi; àwọn ọmọ onílẹ̀ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń ta ọjà lójú pópó, wọn kò rí ààyè nínú ọ̀rọ̀ òmìnira tí gbogbo àwọn yòókù ń sọ. Mo mọ gbogbo èyí, mo sì tún wò ó ní oṣù tí ó kọjá.

Bí a bá ní kí n mú eré kan ṣoṣo, "Imitation of Life" ti 1959 ni n ó mú. Nígbà tí ó jáde, àwọn aṣelámèyítọ́ púpọ̀ kà á sí eré ẹkún obìnrin. Douglas Sirk ni ó darí rẹ̀, ará Jámánì tí ó bá ìyàwó rẹ̀ tí ó jẹ́ Júù sá kúrò lábẹ́ Hitler, nítorí náà ó mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí a fi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dá a lẹ́jọ́. Lana Turner ni Lora, òṣèré tí ń wá òkìkí. Juanita Moore ni Annie, obìnrin dúdú tí ó ń tọ́jú ilé rẹ̀. Àwọn méjèèjì ní ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan. Ti Annie, Sarah Jane, pupa tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè pe ara rẹ̀ ní òyìnbó, ó sì ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń sẹ́ ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan Lora ní àlejò ńlá. Annie bẹ ọmọ rẹ̀ pé kí ó bá òun gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Ọmọ náà gbé àwo wọlé pẹ̀lú ìrìn àti ohùn ẹrú ilẹ̀ gúúsù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe é nínú sinimá, ó sì ní ọ̀dọ̀ ìyá òun ni òun ti kọ́ ọ, ìyá òun sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá àtijọ́. Ilé pa rọ́rọ́. Ogún ọdún lẹ́yìn Mammy, àwo oúnjẹ sọ̀rọ̀. Lora bínú, ó ní òun kò fi ìyàtọ̀ hàn sí i rí, àwa tí a sì ń wò mọ̀ pé òótọ́ ni ó rò pé òun ń sọ.

Nígbà kan Annie ń sọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ya Lora lẹ́nu pé ó ní ọ̀rẹ́. Annie ní òun mọ ọgọ́ọ̀rọ̀ ènìyàn, òun wà nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, òun sì wà nínú oríṣiríṣi ẹgbẹ́. Lora ní òun kò mọ̀. Annie fi pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn pé kò bi òun rí ni. Ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti jọ ń gbé inú ilé kan! Mo dá eré náà dúró níbẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wò ó, mo sì jáde lọ gba atẹ́gùn.

Lẹ́yìn náà Annie kú, a sì rí ìdí tí ó fi ń fi owó pamọ́ láti ọjọ́ yìí. Ìsìnkú rẹ̀ ni ó ń tọ́jú owó fún. Ẹṣin funfun ni ó fa pósí rẹ̀, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ jáde pẹ̀lú aṣọ oyè wọn, àwọn onífèrè ń lọ níwájú, Mahalia Jackson kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìgboro kún fọ́fọ́. Èmi kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ẹ̀yin náà kò sì nílò rẹ̀. Òkú ẹni tí ó ní ènìyàn ni. Ìyá kan tí ó ń gbé àwo oúnjẹ fún ẹlòmíràn títí tí ó fi kú, tí ìlú wá tú jáde fún bí ìyálóde. Lora dúró láàrin wọn, àlejò ni ó jẹ́ níbẹ̀, ó ń wo ìyá ilé rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Sarah Jane já wọ àárín èrò, ó dì mọ́ pósí, ó ń bẹ ìyá rẹ̀.

Àléébù kan wà tí n kò ní í bò mọ́lẹ̀. Susan Kohner tí ó ṣe Sarah Jane kì í ṣe adúláwọ̀. Nínú eré kan náà tí John Stahl ti kọ́kọ́ ṣe ní 1934, Fredi Washington, adúláwọ̀ tòótọ́, ni ó ṣe ọmọ náà, ojú rẹ̀ sì ń gún ènìyàn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n nínú ti 1934 yẹn, wọ́n fẹ́ fún ìyá dúdú náà ní ìdá 20 nínú èrè oúnjẹ tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n sè, wọ́n sì mú kí ó kọ̀ ọ́, kí ó ní òun fẹ́ máa sìn wọ́n lọ. Èyí burú. Kò sí ìyá ọlọ́jà kan tí yóò gbà á gbọ́.

Ní ti Woody Strode, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Nínú "The Man Who Shot Liberty Valance", tí John Ford ṣe ní 1962, òun ni Pompey, òṣìṣẹ́ John Wayne. James Stewart ń kọ́ àwọn ará ìlú ní ìwé, ó ní kí Pompey ka ọ̀rọ̀ ìkéde òmìnira Amẹ́ríkà lórí. Àwòrán Lincoln wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Ó dé ibi tí a ti sọ pé ọgbọọgba ni a dá gbogbo ènìyàn, ó gbàgbé rẹ̀. Olùkọ́ náà ní kí ó má ṣèyọnu, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í máa gbàgbé ibẹ̀. Ford fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò tún un sọ. Ọdún méjì ṣáájú, nínú "Spartacus", Strode kọ̀ láti pa ẹni tí wọ́n ní kí ó pa, ó sì ju ọ̀kọ̀ sí àwọn ọlọ́lá tí wọ́n jókòó lókè láti wòran. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó lò, wọ́n pa á. Láìsí ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn kò sí ìyókù eré náà.

Nígbà tí Sidney Poitier dé, ẹni etí àwòrán bọ́ sí àárín. Èmi kì í ṣe olólùfẹ́ gbogbo eré rẹ̀. Wọ́n mú un mọ́ jù. Nínú "Lilies of the Field" ti 1963, tí ó fi gba Oscar ní 1964, ó kọ́ ilé ìsìn fún àwọn obìnrin àjèjì láìgba owó. Nínú "The Defiant Ones" ti 1958, ó ti wà nínú ọkọ̀ ojú irin tí yóò gbé e lọ sí òmìnira, ó sì pàdánù ọkọ̀ náà nítorí òyìnbó tí wọ́n jọ sá lẹ́wọ̀n. James Baldwin kọ ọ́ pé àwọn aláwọ̀ funfun pàtẹ́wọ́ fún èyí, ṣùgbọ́n ní Harlem, àwọn òǹwòran ń kígbe mọ́ ọn pé kí ó padà sínú ọkọ̀. Ohùn Harlem ni ohùn tèmi.

Ṣùgbọ́n "In the Heat of the Night" ti 1967 yàtọ̀. Ọlọ́pàá ni Poitier níbẹ̀. Ọlọ́rọ̀ olóko òwú kan gbá a létí nínú ilé òdòdó rẹ̀, Poitier sì gbá a padà lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ènìyàn a máa sọ̀rọ̀ ìgbájú yìí. Ẹ wo baba àgbàlagbà tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú àwo ohun mímu lọ́wọ́ rẹ̀, ìránṣẹ́ ilé náà. Ojú rẹ̀ ni kí ẹ wò. Jester Hairston ni orúkọ òṣèré náà. Ògbóǹtarìgì olórin ni, ohùn rẹ̀ sì ni a gbọ́ nígbà tí Poitier ń kọrin nínú "Lilies of the Field". Ẹni tí ó gbé àwo dúró ni ohùn ẹni tí ó gba ẹ̀bùn.

Ọ̀kan tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni mo fi sẹ́yìn. Vincent Sherman, olùdarí eré láti Amẹ́ríkà, lọ ya "The Hasty Heart" ti 1949 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ronald Reagan, tí ó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1981, wà nínú rẹ̀. Orlando Martins, ọmọ Èkó tí a bí ní 1899, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Òun kan náà ni ó padà wálé tí ó bá Ossie Davis, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ṣe "Kongi's Harvest" ti Wọlé Ṣóyínká ní 1970. Ilé ìwòsàn àwọn sójà ni ìtàn náà wà. Martins, tí ó ti ń ṣeré ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún púpọ̀, ni wọ́n fi ṣe ọmọ ogun Áfíríkà kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́nu rẹ̀, Blossom, òun náà ni wọ́n sì ń pè é. Sójà Scotland kan wà níbẹ̀ tí ó ń kú lọ láìmọ̀. Nígbà tí ó mọ̀, ó bínú sí gbogbo àwọn tí ó ti ń ṣe é lóore, ó ní àánú ni wọ́n fi ń ṣe òun. Reagan bá a jà, nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Blossom ti fi ìlẹ̀kẹ̀ kan lọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó kọ̀ ọ́. Ó wá yé e nígbẹ̀yìn pé Blossom kò gbọ́ ohunkóhun nínú ohun tí dókítà sọ, nítorí náà kò lè jẹ́ àánú, ìfẹ́ ni. Ó gba ìlẹ̀kẹ̀ náà.

Mo wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè wo Reagan.